Orúkọ Tí Ọ̀nà Fún Ọkọ̀

   Ẹ̀yin ará Yewa àti ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní òdìkejì bodè ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Kétu dé Pọ̀bẹ́ dé Sàkétẹ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe owó ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀wọ́n epo. Orúkọ ọkọ̀ ni.

Nọ́ńbà kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: 911. Bí ẹnikẹ́ni bá pe nọ́ńbà yìí ní gáréèjì Ìlaròó, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló ń sọ. Lọ́ọ̀rì ni. Lọ́ọ̀rì Bẹ́ńsì onímú kúkúrú, olójú roboto, tó ń gbé gẹdú jáde nínú igbó, tó ń kó yanrìn, tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti gààrí láti Ayétòrò lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ pe nọ́ńbà kan náà yẹn létí ará Jámánì, ọkọ̀ kékeré asáré tete tí ilé iṣẹ́ Porsche ń ṣe ni yóò wá sí i lọ́kàn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọkọ̀ méjì tí kò bára tan rárá. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe dé ìdí orúkọ yìí dùn ún gbọ́.

Ti lọ́ọ̀rì tiwa kò le. Àwọn ará Mercedes-Benz ń fi iṣẹ́ ọkọ̀ àti agbára rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. 9 tó ṣáájú ni ìwọ̀n tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ jọ lè wọ̀n. 11 tó tẹ̀ lé e ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì: mú un ní ìlọ́po mẹ́wàá, agbára ẹṣin 110 nìyẹn. Bí ẹ bá wá rí lọ́ọ̀rì 1113, ẹ ó ti mọ̀ pé tọ́ọ̀nù 11 ni, agbára ẹṣin 130. Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ yìí kò nílò kí ẹnì kan tún ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún un. Nọ́ńbà rẹ̀ ló kàn máa wò.

Ti Porsche ló ní ìjà nínú. Ní 1963, níbi àfihàn ọkọ̀ ní ìlú Frankfurt, Porsche gbé ọkọ̀ tuntun jáde, wọ́n sọ ọ́ ní 901. Nígbà tó di 1964 tí wọ́n gbé e lọ sí Paris, ilé iṣẹ́ Peugeot yarí. Wọ́n ní láti 1929 tí àwọn ti ṣe 201, gbogbo nọ́ńbà oní mẹ́ta tí òdo bá wà láàárín rẹ̀, tàwọn ni ní ilẹ̀ Faransé. Porsche rò ó, wọn ò bá wọn fà á. Wọ́n yọ òdo, wọ́n fi ení rọ́pò, 901 di 911. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé wa dáadáa. Pijó tí a ń wọ̀ láti Ìlaròó lọ sí Abẹ́òkúta, ẹbí rẹ̀ ló fipá yí orúkọ ọkọ̀ olówó yẹn padà. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo orúkọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ àtijọ́.

Òdo àárín yẹn náà ló jẹ́ ká ní 404 ní 1960, 504 ní 1968, 505 ní 1979. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà ìparí ń sọ ìran tó ti wá, bí ìgbà tí ọmọ ń rọ́pò bàbá. Ní Yúróòpù, wọ́n fi 504 ṣe ọkọ̀ tó peregedé jù lọ fún ọdún 1969. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí ló ti rí ayé jẹ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 1975, 504 di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, ọkọ̀ dókítà. Èyí tó ní ẹ̀yìn gígùn nínú wọn wá di ọkọ̀ èrò tó ń ná ìlú sí ìlú. Ilẹ̀ Faransé dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 504 dúró ní 1983; Kàdúná ṣì ń tò ó pọ̀ lẹ́yìn tí ọdún 2000 ti wọlé. Mélòó nínú ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi ló kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lábẹ́ 504? Nọ́ńbà ti kúrò ní nọ́ńbà, ó ti di orúkọ èèyàn mọ́ wa lẹ́nu.

Ní òdìkejì bodè, 404 ni ọba nígbà yẹn. Mo ń sọ nípa èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n wá da tapólì bò. Bâchée ni àwọn Faransé ń pè é, torí tapólì yẹn. Àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Pọ̀bẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ahọ́n Yorùbá pè é, ó sì mọ́ wọn lára. Ẹja, àgbàdo, ewúrẹ́, ìyàwó tuntun pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, abẹ́ tapólì yẹn ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bodè yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ọ̀gá lé wa lórí láyé ìjọba amúnisìn hàn nínú ohun tí à ń pe ọkọ̀. Ẹni tó wà níhìn-ín á ní lọ́ọ̀rì, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á ní kámíọ́n.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ojú ọ̀nà ni a ń wa ọkọ̀ sí ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wa. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni wọ́n ń wà á sí ní Dahomey, tó wá di Benin. Ẹ ronú Ìdí-Ìrókò nígbà yẹn: awakọ̀ tó bá fẹ́ ré kọjá bodè ní láti pààrọ̀ ọwọ́ kó má baà forí sọ ẹni tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ìjọba yí ọ̀nà sí ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo ọkọ̀ tí sítíárìn wọn wà lọ́tùn-ún, àwọn Austin, àwọn Morris, àwọn Bedford tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, di àlejò ní ojú ọ̀nà tiwọn fúnra wọn. Ilẹ̀kùn ṣí fún Pijó ti Faransé àti Volkswagen ti Jámánì. Bí àwọn orúkọ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ nìyẹn, tí àwọn mìíràn sì wọlé.

Àwa Yorùbá mọ orúkọ pín sí ìsọ̀rí. Àmútọ̀runwá wà, àbísọ wà, oríkì wà, ìnagijẹ sì wà, tí àwọn mìíràn ń pè ní àlàjẹ́. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, àbísọ ni. Àwọn tó sọ ọ́ kò tíì rí ọ̀nà tí ọkọ̀ náà máa rìn. Ilé ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tiwọn ni wọ́n sì wò, kì í ṣe tiwa. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dé àárín wa, tó ru ẹrù wa, tó já wa sílẹ̀ ní ibi kan lóru, tó gbé aboyún dé ọsibítù, ìgbà yẹn la máa ń fún un ní ìnagijẹ. Mo sì gbà pé ìnagijẹ yẹn ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwa gan-an kọ́ ni kò yẹ kó mọ èyí. Títí di 1995, Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń kọ mọ́ wa lórí ìwé ìjọba. Àwa fúnra wa la sọ pé Yewa, orúkọ odò tó ṣàn gba ilẹ̀ wa kọjá, la fẹ́ máa jẹ́.

Ẹ wo Bedford. Bí ẹ bá béèrè pé ta ni Bedford, ẹ ò ní rí èèyàn kankan. Ilé iṣẹ́ Vauxhall tó ń ṣe é wà ní ìlú Luton, ní ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Bedfordshire. Ní 1931 ni wọ́n fi orúkọ ẹkùn yẹn pe lọ́ọ̀rì wọn. Orúkọ ìlú ẹlòmíràn ló ń káàkiri ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà wa kò gba gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti imú ọkọ̀ nìkan ló ń ti òkèèrè wá. Àwọn káfíńtà ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, tí wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà. Èrò á jókòó, orúnkún á máa gbá orúnkún, adìyẹ á wà nísàlẹ̀, kọndọ́tọ̀ á rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, á ní kí wọ́n tún súnmọ́ra. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ á bú ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tí wọ́n bú á ní ó dáa, bọ́ sílẹ̀ ká jà. Bedford bá di Bọ́lẹ̀kájà. Austin náà di Bọ́lẹ̀kájà. Kò sẹ́ni tó bìkítà mọ́ nípa ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Orúkọ yẹn lágbára débi pé nígbà tí ọ̀mọ̀wé Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwé wọn jáde ní 1980, tí wọ́n ń bá àwọn ońkọ̀wé ńlá Áfíríkà jà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ̀wé, Bọ́lẹ̀kájà náà ni wọ́n fi pe ara wọn. Káfíńtà àti kọndọ́tọ̀ ló yá àwọn ọ̀mọ̀wé lórúkọ.

Orúkọ kẹta tún wà lórí lọ́ọ̀rì yẹn, èyí tí olówó ọkọ̀ ń kọ síwájú orí rẹ̀. Ìyá ni Wúrà. Ayé Lọjà. Èyí kò ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ wá, kò sì ti ọ̀dọ̀ èrò wá. Ọ̀rọ̀ àárín olówó ọkọ̀ àti orí rẹ̀ ni, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án jùyẹn lọ.

Agbégilódò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí kò mọ̀ pé orúkọ ọkọ̀ ni. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi omi gbé gẹdú, wọ́n á so ìtì igi pọ̀, wọ́n á jẹ́ kó léfòó lórí ọ̀sà títí dé àwọn ilé ìlagi ní Ẹbúté-Mẹ́ta. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbé igi lódò wá di orúkọ lọ́ọ̀rì ńlá tó ń gbé igi, kódà nígbà tí kò sí odò kankan nítòsí rẹ̀. Ọkọ̀ alágbára tó ń ti inú igbó Yewa jáde, tó fi ṣéènì de ìtì mẹ́ta sẹ́yìn, agbégilódò ni. Ọkọ̀ kékeré tí kì í pariwo, tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọ inú ìlú, a pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀dá orúkọ ayọ́kẹ́lẹ́ yìí, etí ló fi mọ ọkọ̀ kó tó fojú rí i.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìnagijẹ ọkọ̀ tí Yorùbá sọ, Ìjàpá ni mo fẹ́ràn jù.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yẹn kò fún un lórúkọ kan tó dùn. Volkswagen, ọkọ̀ ará ìlú. Lórí ìwé tiwọn, Irú Kìíní ni wọ́n kọ. Kò tíì dé ọjà rárá ní 1938 tí ìwé ìròyìn New York Times fi fi í wé kòkòrò ẹlẹ́yìn líle tó ń dán. Àwọn ará Jámánì náà ń pè é ní orúkọ kòkòrò yẹn, Käfer, ó sì di ìgbà tí ọdún 1960 sí 1969 ń parí lọ kí ilé iṣẹ́ tó fi ẹnu ara wọn gba orúkọ tí ará ìlú ti ń pè é tipẹ́. Àwọn Faransé pè é ní Coccinelle, kòkòrò pupa alámì dúdú. Àwọn ará Bràsíl fẹnu wọn tẹ Volks títí ó fi di Fusca. Àwọn ará Indonesia ní ọ̀pọ̀lọ́ ni. Gbogbo ayé ló wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, oníkálukú sì sọ ohun tó rí.

Àwa rí ọkọ Yáńníbo. Kì í ṣe torí ẹ̀yìn roboto nìkan. Ìjàpá kì í kánjú, ó sì máa ń débẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń kó ẹrù sí. Kì í mu omi. Atẹ́gùn ló fi ń tutù, nítorí náà awakọ̀ kò ní máa wá odò kiri ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ẹni tó sọ ọkọ̀ yìí ní Ìjàpá ti gbọ́ àlọ́, ó sì ti wà á ní ọ̀nà oníkòtò. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, kò jìnnà sí wa. Ọdún yẹn náà ni owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá rí Ìjàpá rà.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní 1955, ilé iṣẹ́ Ford ń wá orúkọ fún ọkọ̀ tuntun kan tí wọ́n fẹ́ fi gba ọjà. Wọ́n kọ̀wé sí akéwì obìnrin kan tó lókìkí, Marianne Moore, pé kó bá àwọn wá orúkọ. Obìnrin yìí kọ ọ̀pọ̀ orúkọ ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Utopian Turtletop. Ahun nìyẹn o! Akéwì tó jókòó sí Brooklyn àti awakọ̀ Yorùbá jọ fi ojú inú kan náà wo ọkọ̀. Ford kò gbà á. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ jọ, wọ́n dà wọ́n nù, wọ́n wá fi orúkọ ọmọ Henry Ford tó ti kú sọ ọ́: Edsel. Ọkọ̀ náà dé ọjà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 1959. Èmi kò sọ pé orúkọ ló pa á. Ó lówó lórí, ọjà sì dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n gbogbo owó tí wọ́n ná lórí wíwá orúkọ kò fún un ní ìfẹ́ tí Ìjàpá rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Ọ̀jọ́ tí wọ́n ti ń to Ìjàpá pọ̀, wọ́n tún to ọkọ̀ mìíràn pọ̀ tí a ń pè ní Igala. Ẹ rántí rẹ̀? Bràsíl ni wọ́n ti ṣẹ̀dá ọkọ̀ náà, orúkọ olú ìlú wọn, Brasília, ni wọ́n sì sọ ọ́. Nígbà tó dé Nàìjíríà, wọ́n yọ orúkọ yẹn, wọ́n sọ ọ́ ní Igala. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ńlá òkèèrè rántí láti wo ilé tiwa nìyẹn.

Ti Mẹ̀sí náà ní ìtàn ìdílé nínú. Ọkùnrin oníṣòwò kan, Emil Jellinek, ló ń bá ilé iṣẹ́ Daimler ta ọkọ̀ fún àwọn olówó ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ó ní ọmọbìnrin kan, Mercédès. Orúkọ ọmọ yìí ló fi sọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún un ní 1901, ní 1902 ni wọ́n sì fi orúkọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní 1903, bàbá náà tún fi orúkọ ọmọ kún ti ara rẹ̀, ó di Jellinek-Mercedes. Ẹni tó bá ń jẹ́ Bàbá Bọ́lá tàbí Ìyá Sẹ́gun ní Yewa níbí mọ bí inú ọkùnrin yẹn ṣe rí. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ náà dé ilẹ̀ Yorùbá, a ò mọ ọmọbìnrin kankan. A rí ara dídán, a rí bó ṣe ń yọ̀ gba ojú ọ̀nà kọjá, a ní Ọ̀bọ̀kún ni, ẹja olówó ńlá. Èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú, a pè é ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, torí pé inú rẹ̀ tutù bí ẹni pé ọyẹ́ dé. Àwọn olórin wa gbé orúkọ wọ̀nyí débi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò lè gbé e dé.

Àwọn ará Japan ní tiwọn fẹ́ràn adé. Ní 1955, Toyota ṣe Crown. Ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú Corona ní 1957 àti Corolla ní 1966, nígbà tó yá Camry dé, ó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Japan tó túmọ̀ sí adé ni wọ́n fà á yọ láti inú rẹ̀. Adé ni gbogbo wọn. Bí ẹni pé ilé ọba ni wọ́n ti bí wọn.

Ó kan orúkọ tó sún mọ́ bodè wa jù lọ. Tòkunbọ̀.

Gbogbo wa la mọ ẹni tí wọ́n ń sọ ní Tòkunbọ̀: Adétòkunbọ̀, Ọlátòkunbọ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó tó wá padà wálé. Nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, apá òṣìṣẹ́ kò ká ọkọ̀ tuntun mọ́. Kàdúná kò lè to ọkọ̀ pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, Ọ̀jọ́ náà kò lè ṣe é. Ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò ló kù. Wọ́n ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi láti Yúróòpù wá sí Èkó àti Kùtọ́nù, láti Kùtọ́nù wọ́n ń gba ọ̀nà tiwa wọlé. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ wo ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun tó ń bọ̀ wálé lèyí. Orúkọ èèyàn di orúkọ ọjà, gbogbo Nàìjíríà sì gbà á, Haúsá, Ígbò àti gbogbo ẹ̀yà yòókù. Mi ò mọ orúkọ Yorùbá mìíràn tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣòwò.

Àwọn ará Côte d'Ivoire náà ní orúkọ fún irú ọkọ̀ yìí. France au revoir ni wọ́n ń pè é, Faransé ó dàbọ̀. Ẹ gbọ́ bí orúkọ méjèèjì ṣe yàtọ̀. Tiwọn dúró sí èbúté ilẹ̀ Faransé, ó ń juwọ́ sí ọkọ̀ tó ń lọ. Tiwa dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé, ó ń pàdé ẹni tó ń bọ̀. Bí mo bá rántí èyí, orí mi máa ń wú.

Òfin dé sí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má gba bodè ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé mọ́, tuntun ni o, àlòkù ni o. Ẹ̀yin ará Ìdí-Ìrókò mọ ohun tí èyí gbà lọ́wọ́ yín jù mí lọ: àwọn tó ń wa ọkọ̀ láti Kùtọ́nù wá, àwọn oníwèé, àwọn olóúnjẹ, àwọn rewáyà àti páńẹ́bítà. Ọ̀nà tí Tòkunbọ̀ gbà wá sílé dí, orúkọ kò sì kúrò.

Mo wá fẹ́ sọ ohun tó ń dùn mí. Àwọn ọkọ̀ tí a ń rí báyìí, ẹ gbọ́ orúkọ wọn ní ẹnu àwọn ọmọ wa. Honda Accord tó jáde ní 2003, End of Discussion. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2008, Evil Spirit. Camry kan wà tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, Camry mìíràn ń jẹ́ Muscle. Mẹ̀sí kan ń jẹ́ V-Boot nítorí bí bọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe rí. Mi ò bú àwọn tó sọ wọ́n. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀, ojú tó mọ nǹkan wò sì wà níbẹ̀. Ẹni tó pe ọkọ̀ ní Òpin Àríyànjiyàn mọ bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe ń jà lórí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, láti Bọ́lẹ̀kájà, Agbégilódò, Ìjàpá, Ọ̀bọ̀kún, Tòkunbọ̀, a wá dé ibi tí gbogbo ìnagijẹ ọkọ̀ wa ń gba èdè Gẹ̀ẹ́sì wá, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń ti ọjà ọkọ̀ Èkó wá sọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ kò kọ orúkọ Yorùbá. Ẹnu wa ló dákẹ́.

Ọ̀kadà wà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú kan ní Ẹdó ni, tí Gabriel Igbinedion fi sọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ní 1983, tí àwọn èèyàn wá fi pe alùpùpù tó ń gbé èrò kánkán. Márúwá wà pẹ̀lú, orúkọ Buba Marwa tó ṣàkóso Èkó láti 1996 sí 1999 tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Kò ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Ògùn rí, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ là ń pè ní oríta Ìlaròó láràárọ̀. Ní Nnewi, ilé iṣẹ́ Innoson ṣe bọ́ọ̀sì kan, wọ́n fi èdè Ígbò pè é ní Uzo. Ọ̀nà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní èdè ìyá wọn láti ilé iṣẹ́ gan-an, wọn ò dúró de ìnagijẹ. Ó wù mí kí n rí irú rẹ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde.

Ní ọ̀nà Pápálántò sí Ìlaròó báyìí, ọkọ̀ símẹ́ǹtì ló pọ̀ jù. Láti 2012 tí ilé iṣẹ́ Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbèsè, àwọn tírélà náà kò dáwọ́ dúró, ọ̀sán àti òru. Bí ẹ bá wo iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, HOWO ló wà níbẹ̀, orúkọ tí àwọn ará Sinotruk ní ilẹ̀ Ṣáínà fún un. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní HOWO. Dáńgótè ni. Dáńgótè méjì ló kọjá, Dáńgótè kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo wọ ẹ̀yìn Dáńgótè wá. Orúkọ olówó ló bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń rí i láàárọ̀ lálẹ́ ní Ìbèsè ti ní orúkọ mìíràn fún un láàárín ara wọn.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá. Ẹ̀yin bàbá awakọ̀ ní gáréèjì Ayétòrò, ẹ̀yin ìyá tó fi Bọ́lẹ̀kájà ná ọjà Ìmẹ̀kọ nígbà èwe yín, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé náà, ẹ pè wá lórí ètò yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sọ orúkọ tí ẹ ń pe ọkọ̀ nílé tiyín, ẹ sọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ, kí ẹ sì sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá jẹ́ ti lọ́ọ̀rì ayé Bedford la ó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, nítorí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń dàgbà.